Ọmú Tí Mo Fi Ṣépè fún Ọmọ Mi

Ìwọ obìnrin tí o fọwọ́ kan ọmú rẹ nínú ilé ìwẹ̀, tí o bá nǹkan líle níbẹ̀, tí o sì ń sọ fún ara rẹ pé kò sí nǹkan kan, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́, o ò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ti wà níbi tí o wà yẹn rí, mo sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Jọ̀ọ́, gbọ́ tẹnu mi kí o tó gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ìyá Ràfíù ni wọ́n ń pè mí ní Ògbóòró. Èlùbọ́ ni mò ń ṣe. Màá ra iṣu, màá bó o, màá bọ̀ ọ́, màá sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ. Mi ò kàwé púpọ̀. Sìdíkátù ọmọ mi obìnrin ló ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ní kí n má dárúkọ èpè rárá, pé kí n sọ ti àìsàn nìkan, kí àwọn èèyàn má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ẹni bá yọ èpè kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ ló kù lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún èmi àti ọkọ mi: Ràfíù, lẹ́yìn náà Sìdíkátù. Àgbẹ̀ iṣu ni ọkọ mi. Ẹni tó bá mọ oko lápá ọ̀dọ̀ wa á mọ̀ pé ebè kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ilẹ̀ á le, oòrùn á mú, ẹ̀yìn á sì fẹ́ẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Nígbà tí Ràfíù jáde ilé ìwé girama, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ ebè kíkọ kiri oko olóko. Háà, ọmọ náà mọ ebè í kọ! Bàbá rẹ̀ a máa fi yangàn láàárín àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Á ní, "Ẹ lọ wo ilẹ̀ tí ọmọ mi kọ láti àárọ̀. Èmi alára nígbà ọ̀dọ́ mi, mi ò tó bẹ́ẹ̀." Inú mi á dùn, màá fi ẹran kún ọbẹ̀ Ràfíù. A ò mọ̀ pé agbára náà kì í ṣe tirẹ̀.

Oògùn kan wà tí àwọn ọmọkùnrin ń lò lóko, tírámádó ni wọ́n ń pè é. Nílé ìwòsàn, oògùn ìrora ni. Lóko, wọ́n á dà á sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n á ní kí àárẹ̀ má baà mú àwọn. Òótọ́ sì ni, kì í rẹ̀ wọ́n. Ìgbà tó bá ń kúrò lára wọn lẹ ó tó mọ̀. Ràfíù á sùn bí òkú. Ẹni tó bá jí i, á kanra mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ jà. Nígbà tó yá, kò lè kọ ebè kan láì lò ó, nígbà tó tún yá, kò lè dìde lórí ẹní láì lò ó.

Bàbá rẹ̀ mọ̀ kí n tó mọ̀. Ó bá a wí, ó bẹ̀ ẹ́, ó mú un lọ bá lèmọ́mù. Ràfíù fi Kùránì búra pé òun ti jáwọ́. Kò jáwọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn o, ó gbìyànjú. Mo ti rí i tó ń gbọ̀n lọ́sàn-án gangan, tí òógùn bò ó, tó ń dì mọ́ òpó ilé. Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni ìyẹn náà. Mo ní kó dìde kó lọ pọnmi, ọmọ ìta.

Ìgbà iṣu tuntun ni ejò ṣán ọkọ mi lóko. Ọ̀sán ni. Òun àti Ràfíù ni wọ́n jọ lọ. Ràfíù wà nínú ahéré, ọ̀kadà wà lẹ́nu ahéré, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò Ràfíù. Ọkọ mi pè é láti àárín oko. Ó pè é, ó pè é, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó wá fi ẹsẹ̀ tí ejò ṣán rìn lọ sójú títì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ejò bá ṣán, ìrìn ni kò gbọdọ̀ rìn. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ló bá a lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Ohun tó sọ fún wọn ni pé, "Mo pe Ràfíù, kò dá mi lóhùn." Wọn ò tíì dé Ṣakí tó fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ wo oko, oorun ni wọ́n bá lójú Ràfíù.

A sin ọkọ mi kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọkùnrin ló yẹ kó wọ inú sàréè gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ràfíù dúró lókèèrè, lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kò lè sún mọ́ ibẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló wọ inú sàréè dípò rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ṣe fìdáù tán, mi ò bá Ràfíù sọ̀rọ̀ mọ́. Màá gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, màá sì kọ ẹ̀yìn sí i. Òun náà kò wá mi. Ńṣe ló ń lo oògùn yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ilé kan náà la wà o, èmi àti ẹni tí mo bí, àfi bí àwọn tí kò mọ ara wọn.

Nígbà tó pé ọdún, a ṣe sàráà fún olóògbé. Àwọn àáfà jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Lásísì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa, jókòó láàárín wọn. Wọ́n ń ṣe àdúà lọ́wọ́ ni Ràfíù wọlé. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sáàárín àwọn àáfà, ó ní òun náà fẹ́ ṣàdúà fún bàbá òun, ló bá bì sórí ẹní.

Wọ́n ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo dìde. Mo fa bùbá mi sókè níwájú àwọn àáfà, mo yọ ọmú òsì mi síta, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìyá lè na ọmọ, ó lè lé ọmọ jáde, ṣùgbọ́n ọmú tó fi wo ọmọ dàgbà, kì í mú un ṣépè. Èmi mú un ṣépè. Mo ní, "Ràfíù, bí ó bá ṣe pé ọmú yìí lo mu, bí bàbá ẹ ṣe ké tí kò rí ẹni dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ náà ó ṣe ké, o ò ní rí ẹni dá ọ lóhùn!"

"Háà! Ìyá Ràfíù!" Gbogbo ilé ló pariwo. Sìdíkátù fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó ti pẹ́ jù. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú Ràfíù dá wái, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ó wò mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó dìde, ó jáde. A ò rí i mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni mo bá kókó náà lára mi. Mo ń wẹ̀, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ mi, mo bá kan nǹkan kan. Kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Ọmú wo ni? Òsì. Ọmú òsì yẹn gan-an. Mo jókòó sórí òkúta nínú ilé ìwẹ̀, omi ń kán lára mi nínú òtútù. Mi ò rò ó pé àìsàn ni, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ọlọ́run, Ẹ ti rí mi."

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni màá sọ fún? Màá ní kí ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ró ìró mi sókè àyà. Nǹkan náà ń dàgbà. Ara ọmú ń fà wọlé, ó wá rí bí èèpo ọsàn, orí rẹ̀ sì yí sínú. Síbẹ̀ kò dùn mí, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Bí ó bá ń dunni ni, gbogbo wa ni à bá sáré. Má dúró kó dùn ọ́ o, obìnrin.

Ìlú Ìṣẹ́yìn ni Sìdíkátù ń gbé, aṣọ ló ń rán, ọkọ rẹ̀ ń hun aṣọ òfì. Ó wálé fún Iléyá, ó bá mi níbi tí mo ti ń pààrọ̀ aṣọ, ló bá figbe ta. "Ìyá! Kí lẹ fi pa mọ́ báyìí?" Kò jẹ́ kí n jẹ ẹran Iléyá tán tó fi gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ṣakí.

Bí o bá ń lọ, tètè lọ. A rò pé a tètè dé, a bá bẹ́ǹṣì tó ti kún. Àwọn kan gbé ìjókòó láti ilé. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló ń ṣe mí, mo ní ibà ni. Ó ní ibà ló ń ṣe òun náà, bẹ́ẹ̀ ó fi ìbòrí bo àyà rẹ̀ bí èmi náà ṣe fi bò ó. Àwa méjèèjì wo ara wa, a gbójú kúrò. Dókítà tó rí wa kò ju ọmọ mi lọ, obìnrin ni. Ó bi mí pé ó ti tó ìgbà wo. Mo ní kò tíì pẹ́. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, a sì ń lọ, à ń bọ̀, títí èsì fi dé. Dókítà rọra sọ ọ́: "Ìyá, jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù, a máa kọ ìwé yín lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á gé ọmú náà kúrò kó tó rìn lọ síbòmíràn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó pẹ́." Sìdíkátù ń sunkún. Èmi ò sunkún. Ọkàn mi ò sí lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí a délé, Bàbá Lásísì pe ẹbí jọ. Èèyàn dáadáa ni Bàbá Lásísì, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ní, "Ìyàwó mi, mi ò ní kí o má lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká rò ó. Ọmú tí ìyá fi ṣépè, òun náà ni wọ́n fi ń tú u. Wàá fọ̀ ọ́, ọmọ á mu omi rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Bí wọ́n bá wá gé e dà nù, kí lo fẹ́ fi tú u? Ọmọ yẹn á gbé èpè wọ sàréè nìyẹn."

Sìdíkátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní kó má pẹ́!"

"Dókítà mọ ọmú," ni Bàbá Lásísì wí, "kò mọ èpè."

Ká sọ òótọ́, ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ọsibítù ni Bàbá Lásísì sọ jáde. Mo ní, "Màá dúró. Ẹ bá mi wá Ràfíù." Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò tì mí.

Wọ́n wá a. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ ní Ṣakí, wọ́n wá a dé Òtu. Ẹnì kan á ní òun rí i níbi tí wọ́n ti ń já iṣu, a ó débẹ̀, kì í ṣe òun. Ní gbogbo ìgbà náà, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Wọ́n gún ewé lẹ̀ mí lọ́mú. Wọ́n sè àgbo tó korò bí orógbó, mo mu ún. Àáfà kọ hantú sórí wàláà, ó fi omi ṣàn án, mo mu ún. Gbogbo wọn ni mo mu. Mi ò retí kí wọ́n wò mí sàn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bá mi dá a dúró títí Ràfíù ó fi dé ni. Àìsàn yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmú náà bẹ́, ó di egbò, òórùn wọ̀ ọ́. Àwọn oníbàárà mi ò ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi mọ́, mi ò sì bá wọn lẹ́bi. Èmi fúnra mi dá lílọ sí mọ́sáláṣí dúró kí n má baà yọ àwọn tí a jọ ń tò lẹ́nu.

Sìdíkátù ń wá láti Ìṣẹ́yìn, ó ń bẹ̀ mí. Ó kọ́kọ́ bá Bàbá Lásísì yodì, lẹ́yìn náà ó bá èmi náà yodì. Ọjọ́ kan, ó ń wẹ egbò fún mi, ó ní, "Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Mo ní, "Ìbéèrè wo nìyẹn? Méjì."

Ó ní, "Kò jọ bẹ́ẹ̀." Ó fọwọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sí gáréèjì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju egbò lọ. Ọmọ tó wà níwájú mi, tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ fọ ọyún lára mi, òun ni mò ń fi ìyá rẹ̀ dù nítorí èyí tí mi ò rí.

Awakọ̀ kan tó ń kó òkúta mábù ló mú ìròyìn wá, pé Ràfíù kan láti Ògbóòró ń fọ́ òkúta ní Ìgbẹ́tì. Mo pe Sìdíkátù. Ó ní, "Màá bá yín lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí i, bẹ́ ẹ ò rí i, láti ibẹ̀, Ìbàdàn ni." Mo ní mo gbà. Ọ̀nà Ìgbẹ́tì kò dáa. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá kó sí, inú egbò mi ló ń kó sí. Sìdíkátù di apá mi mú, kò bá mi sọ̀rọ̀, kò sì fi mí sílẹ̀.

Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló funfun, eruku òkúta bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Mi ò lè sọ èwo ni ọmọ mi. Òun ló mọ̀ mí. Mo gbọ́ tẹ́nì kan ní, "Ìyá?" Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Ó ti rù hangogo. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo mọ ìdí rẹ̀.

A jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òkúta. Sìdíkátù wá omi sínú abọ́. Mo ní, "Àlàó, ohun tí mo bá wá ni pé mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn." Àlàó ni oríkì rẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti pè é bẹ́ẹ̀. Mo tú aṣọ àyà mi. Nígbà tó rí ohun tó wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! Ìyá, kí ló ṣe yín báyìí?" Mo bu omi, mo fọ ibi tó ṣeé fọ̀, lókè ibi tí egbò náà wà, mo gbé abọ́ náà fún un. Mo ní kó mu ún.

Ó mi orí. Ó ní òun ò ní mu ún. Mo rò pé egbò ló ń rí i lára, mo ní kó fẹnu kàn án lásán, ó tó. Ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá. Èpè yẹn tọ́ sí mi. Ẹ ò mọ ohun tí mo ṣe. Gbogbo yín lẹ rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́ Bàbá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí. Mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kí n wá ṣe. Ara mi wúwo, orí mi wúwo. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sùn díẹ̀ sí i."

Ẹ̀yin ìyá, mo ní kí n má purọ́ fún yín. Ìbínú ọjọ́ yẹn tún dé. Mo tún rí ọkọ mi tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú oko, oorun díẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ pààrọ̀. Ọwọ́ mi gbéra, ó ń lọ síbi ọmú. Sìdíkátù rí i. "Ìyá!" Ọwọ́ náà bọ́ sílẹ̀. Mo wo Ràfíù, mo rí i pé kò sí èpè kankan tí mo lè ṣẹ́ fún un tí kò tíì ṣẹ́ fún ara rẹ̀. Mo ní, "Mu omi yẹn, Àlàó. Èmi ìyá ẹ ló ní kí o mu ún." Ó mu ún. Ó ń sunkún, ó ń mu ún, omi ń dà sí eruku ara rẹ̀. A sunkún títí ó fi tó wa.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé ìgbà wo ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, àti pé kí ni ọsibítù sọ. Mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Sìdíkátù kò jẹ́. Gbogbo ìbínú tó ti gbé mì láti ìgbà yìí wá ló tú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní kí wọ́n gé e, ó ti pẹ́! Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè! Ìwọ ni wọ́n jẹ́ kí ara wọn jẹrà dè!"

Ràfíù dìde. Ó lọ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó bá wa wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Òun ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Òun ló ń tò fún mi ní ọsibítù ńlá yẹn, níbi tí wọ́n á ti rán yín láti ilé yìí lọ sí ilé yẹn, tí wọ́n á ní ẹ lọ sanwó kí ẹ tó wá. Ọ̀kadà bàbá wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ Sìdíkátù, iṣu inú abà Bàbá Lásísì, gbogbo rẹ̀ la tà. Òógùn á bo Ràfíù lórí ìlà, eyín rẹ̀ á máa gbá ara wọn. Kò kúrò lórí ìlà. Mo rò pé bóyá Ọlọ́run ti dá ọmọ mi padà fún mi.

Dókítà àgbà tó yẹ̀ mí wò ní, "Ìyá, a máa gé e, nítorí egbò yìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ó ti dé egungun. Bó ṣe pé ẹ wá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé fún yín ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀." Mo gbójú sókè. Ràfíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gé e. Nígbà tí mo lajú, mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan àyà mi, báńdéèjì ni mo kàn. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ràfíù dà?" Sìdíkátù ní ó lọ ra búrẹ́dì. Mo tún sùn, mo tún jí, mo tún béèrè. Nígbà yẹn ni Sìdíkátù fi orí lé ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ìyá, Ràfíù ò padà wá. Èmi ni mo lé e lọ. Èmi àti ẹnu mi."

Bí mo ṣe ń sọ èyí, ó ti dáwọ́ títẹ̀ dúró. Sìdí, tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ayé lè kà á pé ìwọ kọ́. Òótọ́ lo sọ. Ta ni yóò bá ọ lẹ́bi, nígbà tí ìyá ẹ fi ọ́ sílẹ̀ tó ń wá ẹlòmíràn?

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Apá òsì mi ti wú, mi ò lè bó iṣu mọ́. Wọ́n ń fa omi oògùn sí mi lára ní Ìbàdàn, irun orí mi ti re tán, ẹnu mi ò mọ adùn. Ẹ̀yìn ń dùn mí gan-an. Bàbá Lásísì máa ń wá lójoojúmọ́. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣé ara le?" kò ní lè wo ojú mi. Mo ń sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ wọlé, ẹ jókòó." Kì í pẹ́ tó fi ń dìde. Mo wà láàyè, alihamudulilahi, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kì í bá mi sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, lọ. Kí o lọ lọ́la. Bí o bá ń bá ẹnikẹ́ni jà, bí ẹnikẹ́ni bá ń bínú sí ọ, ẹ ó parí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ tán. Ẹni tó bá ní kí o dúró ṣe nǹkan kan ná, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ tó, má dá a lóhùn. Ó pẹ́ kó tó yé mi: èpè kò sí nínú ọmú. Ẹnu ni mo fi ṣẹ́ ẹ. Ẹnu náà ni ǹ bá fi tú u lórí bẹ́ǹṣì ní Ṣakí, kí n sì wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ tí ọmọ rẹ ń lo oògùn, mi ò mọ ohun tí wàá ṣe fún un, nítorí mi ò ṣe é. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó ń gbọ̀n lọ́sàn-án gangan kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ràfíù, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí ọ létí, èmi ni mo yàn láti dúró. Ìwọ kọ́ lo dá mi dúró. Kí bàbá rẹ tó kú, mo máa ń sọ fún ọ pé bí nǹkan yẹn bá wà lára rẹ, má wọ ilé mi. Mo mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Àkókò tó kù kò pọ̀, mi ò fẹ́ fi ṣe ìwádìí. Mi ò ní wo ojú rẹ bóyá ó pọ́n, mi ò ní gbọ́n àpò rẹ. Bí o lò ó, Àlàó, bí o ò lò ó, máa bọ̀ nílé.